Gbàǹjo tó ń gbówó lé: àlàyé fún ẹni tó bá mẹ́dàlì nínú àpótí bàbá rẹ̀

Bí ẹnìkan bá pariwo ní Ọjà Atákúnmọ̀sà níbí nílùú Iléṣà pé òun ń ta ẹrù òun ní gbàǹjo, ohun méjì ló máa wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́: bóyá owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ló há a mọ́ ibì kan, tàbí kí ọjà náà ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Létí tiwa, gbàǹjo ni kí a da ọjà sílẹ̀ kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kó o ní owó pọ́ọ́kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lọ́jọ́ tí ìyá àgbà kan ní àdúgbò Ìsọ̀nà tú ìdì aṣọ kan níwájú mi, tí ìràwọ̀ onírin kan àti mẹ́dàlì roboto kan yọ síta, tí mo sì ní inú gbàǹjo ni wọ́n ti ń ta irú wọn lókè òkun, ńṣe ni màmá yára ká aṣọ náà padà.

"Gbàǹjo kẹ̀? Ohun tí bàbá mi torí ẹ̀ dé Bọ́mà?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dà wá rú, torí gbàǹjo tí wọ́n mọ̀ kọ́ ni mo ń sọ. Látọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ ṣe àlàyé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilé màmá yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ló ní agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn, tí àmì ẹ̀yẹ bàbá, owó ẹyọ àtijọ́ àti ìwé tó ti pọ́n wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n fún alágbẹ̀dẹ góòlù.

Ìnájà tó dorí kodò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yé wa. Àwa Ìjẹ̀ṣà, ọmọ òṣómàáló, a mọ ìnájà láti inú oyún. Ẹni tó ń tà bẹ̀rẹ̀ látòkè, ẹni tó ń rà fà á wálẹ̀, wọ́n á wá pàdé níbì kan láàárín. Gbàǹjo tí mò ń sọ yìí dorí gbogbo rẹ̀ kodò. Ẹni tó ni ọjà kò ní lanu rárá. Àwọn tó fẹ́ rà ni wọ́n ń bá ara wọn du ú, iye náà ń gòkè, kì í wálẹ̀, títí gbogbo wọn á fi dákẹ́ tán kó wá ku ẹnìkan.

A kúkú ti ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ọjà ìkórè ti rí i tí wọ́n gbé iṣu kan ṣoṣo sókè. Alága ìkórè ní òun san ₦10,000. Ẹnìkan dìde láàárín ẹgbẹ́ àwọn bàbá, ó ní òun san ₦15,000. Alága ní ₦20,000. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, onílù ń ki bàbá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹni tó ń darí ètò á fi kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta, iṣu ti di ₦40,000. Kò sì dùn ju iṣu tó wà lọ́jà lọ. Ẹni tó mú un wá, ẹni tí wọ́n ń bá du ú, àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí a fẹ́ fi owó náà tún ṣe, gbogbo ìyẹn ló wọ orí iṣu.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Èèyàn méjì ló gbé iṣu náà dé ₦40,000. Ká ní Alága nìkan ló fẹ́ ẹ ni, ₦10,000 ni ì bá gbé e lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá béèrè lọ́wọ́ mi pé "Èló ni èyí lè pa?", ìbéèrè tèmi padà ni pé: ta ni ẹni méjì tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ bá ara wọn du ú? Bí a bá ti mọ ìyẹn, a ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ gbàǹjo.

Lókè òkun, òwò tó ti pẹ́ ni. Ilé gbàǹjo Sotheby's ti wà láti ọdún 1744, Christie's láti 1766. Spink, tí àwọn tó ń kó owó ẹyọ àti mẹ́dàlì jọ mọ̀ dáadáa, ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sí 1666. Nílẹ̀ wa níbí, Arthouse Contemporary ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbàǹjo iṣẹ́ ọnà ní ọdún 2008. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu níbi gbogbo. Ẹ ó fi àwòrán ohun tí ẹ ní ránṣẹ́, onímọ̀ wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọjà wọn pẹ̀lú ìtàn rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ni iye méjì máa wà, kékeré àti ńlá. Àfojúbù ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí i kí wọ́n rò pé iye tí wọ́n máa san fún àwọn nìyẹn, wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an lọ́kàn. Iye kẹta tún wà tí wọn kì í sábà tẹ̀ sínú ìwé: iye tí ẹ̀yin àti ilé gbàǹjo fi ẹnu kò lé lórí pé bí kò bá dé ibẹ̀, kí wọ́n má tà á. Tí àwọn olùrà bá dákẹ́ kó tó dé iye ìkọ̀kọ̀ yẹn, ohun yín á padà wá bá yín nílé.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni àwòrán Adétutù, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀ láti ìdílé Adémilúyì, tí Ben Enwonwu yà ní nǹkan bí ọdún 1974. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò fi mọ ibi tí àwòrán náà wọlé sí, àfi ìgbà tí wọ́n rí i nínú ilé ẹnìkan ní London. Ilé gbàǹjo Bonhams fojú bù ú sí £200,000 sí £300,000. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n tà á ní £1,205,000. Àwọn tó fojú bù ú mọṣẹ́ wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà sílẹ̀ ṣáájú ni iye ọkàn tí yóò fà sí ọmọọba kan tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti sọnù.

Lààdá: ibi tí owó ń gbà jáde

Ẹni tó ń darí gbàǹjo máa ń ní òòlù kékeré kan lọ́wọ́. Tó bá ti lù ú mọ́ tábìlì, ọjà ti bọ́. Ṣùgbọ́n iye tí òòlù bà lé yẹn kọ́ ni olùrà máa san, òun kọ́ sì ni yóò dé ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ tà á. Ibí yìí ni ìjà máa ń ti ṣẹlẹ̀ láàárín ẹbí, torí ẹni tó gbọ́ iye náà lórí rédíò á máa béèrè ibi tí ìyókù wà.

Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni ilé gbàǹjo ti ń gba lààdá. Ká ní òòlù bà lé ₦1,000,000. Ká ní lààdá tí olùrà ń san jẹ́ 25 nínú 100, tí ti olùtà sì jẹ́ 15 nínú 100. Olùrà máa san ₦1,250,000. Ẹ̀yin máa gba ₦850,000. ₦400,000 tó wà láàárín, ilé gbàǹjo ló ni ín, nígbà mìíràn owó orí ìjọba tún wà lára rẹ̀. Iye tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn sábà máa ń jẹ́ èyí tí lààdá olùrà ti wọ inú rẹ̀, bí £1,205,000 ti Adétutù yẹn. Ẹ béèrè lààdá méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ sì béèrè owó àwòrán, owó ìfiránṣẹ́, àti ohun tí wọ́n ń gbà tí ọjà kò bá tà.

"Mo wà níbẹ̀" àti "ohun tí mo ṣe nìyí"

Ó kan mẹ́dàlì wàyí, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni àwọ̀. Ìlú tí góòlù wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ìlú wa, nítorí náà ohunkóhun tó bá pọ́n tó ń dán, ojú góòlù la fi ń wò ó. Kò sí góòlù nínú Ìràwọ̀ Bọ́mà (Burma Star), mẹ́dàlì onírìísí ìràwọ̀ tí wọ́n fún àwọn tó jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì ni. Mẹ́dàlì ogun 1939 sí 1945, èyí roboto, bàbà àti níkẹ̀lì ni. Mẹ́dàlì funfun ti ogun Kísà, 1914 sí 1918, fàdákà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì dùn mí láti sọ pé nígbà tí owó fàdákà lọ sókè lójijì ní nǹkan bí ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ló wọ iná tí wọ́n sì yọ́ ọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó díẹ̀ ló tinú rẹ̀ wá. Orúkọ ẹni tó wà lára rẹ̀ ló bá a lọ.

Ohun kejì ni pé oríṣi méjì ni mẹ́dàlì. Oríṣi kan ń sọ pé "mo wà níbẹ̀." Gbogbo ẹni tó bá dé ojú ogun náà láàárín ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Irú èyí ni Ìràwọ̀ Bọ́mà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní ẹ̀tọ́ sí i, pẹ̀lú àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jà ní ojú ogun kan náà. Oríṣi kejì ń sọ pé "ohun tí mo ṣe nìyí." Ìyẹn kì í kárí. Ẹnìkan ni wọ́n pè jáde, nítorí ohun kan tó ṣe lọ́jọ́ kan tí ẹlòmíràn rí.

Bí ẹ bá ti di ìyàtọ̀ yìí mú, ìwé ọjà gbàǹjo mẹ́dàlì kò ní dẹ́rù bà yín mọ́. Èyí tó kárí, olówó kékeré ni níbi tí ó bá dá wà. Èyí tí ẹnìkan gbà fún akíkanjú, owó rẹ̀ lè ju ti àwọn yòókù lọ ní ọ̀nà tí ìwọ̀n irin kò lè ṣàlàyé.

Akíkanjú tí kò gbé ìbọn

Tí a bá ti ń sọ ti akíkanjú, sójà ló máa ń wá sọ́kàn wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 1856 ni wọ́n ti ní Victoria Cross fún ẹni tó bá ṣe bí ọkùnrin lójú ogun. Ẹni tó bá gba ẹ̀mí là lórí òkun ní Albert Medal láti 1866, wọ́n sì mú un dé orí ilẹ̀ ní 1877. Ṣùgbọ́n awakùsà tó padà wọ inú ihò tó ń jóná torí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù sínú, mẹ́dàlì wo ni tirẹ̀?

Ọba Edward Keje dáhùn ìbéèrè yẹn ní oṣù keje ọdún 1907. Ó dá Edward Medal sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà àti ibi ìfọ́kùúta. Ní 1909 wọ́n mú un gbòòrò dé àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù. Ipele méjì ló ní, fàdákà àti idẹ. Ojú rẹ̀ kan ni orí ọba. Ẹ̀yìn ti àwọn awakùsà ni àwòrán ọkùnrin kan tó ń gba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣubú là, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "Fún Ìgboyà". Mo nífẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn púpọ̀. Kò sí idà níbẹ̀, kò sí kìnnìún, kò sí ẹṣin. Òṣìṣẹ́ méjì ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1910, iná sọ nínú ibi ìwa èédú tí wọ́n ń pè ní Wellington Pit ní ìlú Whitehaven, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ihò náà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó fi wọ abẹ́ òkun lọ. Èèyàn 136 ni kò jáde mọ́. Àwọn tó wà lókè kò dúró máa wò. Wọ́n ń wọlé, èéfín ń lé wọn padà, wọ́n tún ń wọlé. Méjì nínú wọn wá láti Sheffield, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìmí lẹ́yìn wọn. Ó ju 60 èèyàn lọ tó gba Edward Medal nítorí ọjọ́ kan yẹn, kò sì sí ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tó mú tó bẹ́ẹ̀ wá.

Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Ìtagúnmodì àti Igun kò nílò kí n túmọ̀ èyí fún un. Tí etí kòtò bá wó lé ẹnìkan lórí, àwọn tó kọ́kọ́ bẹ́ sí i kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń bá a wa ilẹ̀ ni, pẹ̀lú ṣọ́bìrì kan náà. Mi ò tíì rí mẹ́dàlì kankan láyà irú wọn, ó sì yẹ kí wọ́n ní.

Ní Amẹ́ríkà, ìwakùsà ló bí irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1904, ìbúgbàù pa èèyàn 179 nínú ibi ìwa èédú ní Harwick, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọkùnrin méjì tún kú bí wọ́n ṣe wọlé lọ wá àwọn tó lè kù láàyè. Àwọn méjì yẹn ló wọ Andrew Carnegie, oníṣòwò irin, lákínyẹmí ara. Lọ́dún yẹn kan náà ló fi mílíọ̀nù 5 dọ́là sílẹ̀ fún àjọ tí yóò máa bu ọlá fún ará ìlú lásán tó bá fi ẹ̀mí wewu fún ẹlòmíràn, tí yóò sì máa ran ìdílé wọn lọ́wọ́. Mẹ́dàlì Carnegie náà máa ń dé gbàǹjo. Ìjọba kọ́ ló ń fún ni, àjọ aládàáni ni, nítorí náà ẹ má fi í pe Edward Medal, bí ìtàn wọn tilẹ̀ jọra.

Ìdàrúdàpọ̀ ọdún 1971

Ohun tó ń da àwọn olùrà pàápàá rú nìyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lórí London, Ọba George Kẹfà dá George Cross sílẹ̀ fún akíkanjú tí kì í ṣe ti ojú ogun gan-an, àti George Medal tó tẹ̀ lé e. Kíá ni gbogbo ìlú mọ George Cross. Edward Medal wá di ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé. Láti 1949 wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ti fàdákà mọ́, ti idẹ sì di ti ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ìgbàlà náà nìkan. Ẹni tó ti wọ iná ní ọdún 1930 á wọ mẹ́dàlì rẹ̀ jáde, àwọn ọmọdé á sì bi í pé kí ni.

Ní 1971 wọ́n tún un ṣe. Gbogbo ẹni tó ní Edward Medal tàbí Albert Medal tó ṣì wà láàyè di ẹni tó gba George Cross, wọ́n sì ní kí wọ́n wá pààrọ̀ ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ pààrọ̀. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní èyí tí ọba fi sí àwọn láyà ni àwọn fẹ́ bá sàréè lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ọkùnrin kan nínú ìwé ọjà tí àmì George Cross wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé Edward Medal ni wọ́n ń tà. Kì í ṣe jìbìtì. Ẹni tó ti kú kó tó di 1971 kò sì sí lára àwọn tó pààrọ̀. Edward Medal ni tirẹ̀ títí láé.

Gbogbo Edward Medal tí wọ́n fún èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tó 600. Ti ìwakùsà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ti ilé-iṣẹ́ kéré sí i, èyí tó sì jẹ́ fàdákà nínú ti ilé-iṣẹ́ kò tó 30. Ẹ wò ó bí ìràwọ̀ tó kárí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà ṣe yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn tí kò tó 30 gbà ní gbogbo ayé.

Etí mẹ́dàlì, àti ìwé tó bá a rìn

Bí ẹnìkan bá gbé mẹ́dàlì wá fún mi, mi ò kì í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Etí rẹ̀ ni mo máa ń yí sókè sí ìmọ́lẹ̀. Etí ni orúkọ máa ń wà. Edward Medal ní orúkọ ẹni tó gbà á lára etí. Mẹ́dàlì ogun Kísà sábà máa ń ní nọ́ńbà sójà, orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó wà. Orúkọ yẹn ni àwọn olùrà ń rà. Wọ́n á gbé e lọ sínú ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, London Gazette, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti rí bóyá òótọ́ ni wọ́n fún un. Àwọn oníjìbìtì náà mọ èyí. Wọ́n máa ń fá orúkọ kan kúrò kí wọ́n fín òmíràn sí i. Bí etí mẹ́dàlì bá tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan ju ibòmíràn lọ, tàbí tí lẹ́tà kan kò bá bá èkejì mu, ẹ fura.

Ìràwọ̀ Bọ́mà ní ìṣòro tirẹ̀: àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in. Tí ó bá ti kúrò nínú ìdì aṣọ màmá tí mo sọ yẹn, tó bọ́ sínú àpótí oníṣòwò, ó ti di ìràwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó so ó mọ́ bàbá wọn ni ìwé: ìwé ìsanwó sójà, ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ nígbà tí ogun parí, fọ́tò tó yà pẹ̀lú aṣọ ológun, páálí tí wọ́n fi mẹ́dàlì ránṣẹ́ tí àdírẹ́sì Iléṣà ṣì wà lára rẹ̀. Páálí lásán yẹn lè níye lórí ju irin tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Èyí ni mo fi ń bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n má pín in. Mo mọ bí a ṣe ń pín ogún. Ọmọ mẹ́ta, mẹ́dàlì mẹ́ta, kálukú mú ọ̀kan, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ pín in yẹn ni ẹ ti fọ́ ọ. Mẹ́dàlì ẹnìkan, pẹ̀lú okùn rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ní ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú máa ń mú idẹ dán, mo mọ̀ pé Brasso wà nílé. Dúdú díẹ̀ tó wà lára rẹ̀ yẹn, ọdún ló fi í síbẹ̀, òun náà ló sì ń dáàbò bo lẹ́tà tó wà létí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ ń yọ díẹ̀ nínú orúkọ bàbá yín. Aṣọ tó gbẹ tó rọ̀ ti tó.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ kíkankíkan báyìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí ogun Hítílà. Mo rántí wọn dáadáa: wọn kì í sọ ìtàn ogun, ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀ lóru, wọn kì í sùn. Nígbà tí wọ́n kú, a kó ẹrù wọn jọ. Ọ̀kan nínú àwa ọmọ gbé mẹ́dàlì wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú kẹ́tù tó jò àti ìdérí ìkòkò, ó sanwó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó náà kò tó ra búrẹ́dì fún ilé. Kò sí ẹni tó bínú lọ́jọ́ yẹn, torí kò sí ẹni tó mọ̀. Ìwé wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà sójà wọn wà níbẹ̀ kedere, kò sì sí ohun tí mo lè fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀níní kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó

Owó ẹyọ kò ní gba àyè púpọ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi àwòrán kọ́bọ̀ àti ọ̀níní onihò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ẹnìkan fẹ́ rà á ní mílíọ̀nù. Èyí tí ọdún 1936 wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Edward Kẹjọ ló wọ́pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé ọba yẹn kò lò tó ọdún kan lórí ìtẹ́, oṣù kìíní sí oṣù kejìlá 1936, àti pé owó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti rọ ọ́ ní àìmọye kó tó fi adé sílẹ̀. Ìyẹn ló fi wà nínú agolo gbogbo ilé títí dòní. Ohun tó pẹ́ kò fi dandan ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù kí òun tó ra kọ́bọ̀ yín, owó fọ́ọ̀mù yẹn ló ń wá. Ilé gbàǹjo gidi ń yọ lààdá rẹ̀ lára owó tí ọjà bá pa.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì gbàǹjo

Mẹ́dàlì tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún bàbá yín, ti ẹbí ni. Orí amọ̀ tí ẹ hú nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ilé-Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí n ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ NCMM sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe kó tó di ọdún 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ní ìtàn tàbí ẹwà, tí a ti lò nínú ìṣẹ̀ṣe. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé e jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe àjọ náà tàbí ẹni tí àjọ náà fọwọ́ sí.

Òfin yẹn ní ìdí. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi jáde nílùú. Ọ̀kan wà ní British Museum di báyìí. Méjì tí William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, rà ni ó dá padà ní ọdún 1950. Láti ọdún 2000 ni àjọ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ICOM, ti fi iṣẹ́ amọ̀ àti idẹ Ifẹ̀ sínú ìwé pupa tó ń kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò káàkiri ayé. Ilé gbàǹjo tó bá mọ ohun tó ń ṣe á béèrè ìwé lọ́wọ́ yín, kò sì ní sí èyí tí ẹ lè fi hàn. Ẹni tó bá hú nǹkan, kó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, kó sì fi ohun náà sílẹ̀ níbi tó ti rí i, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀.

Mo padà lọ sílé màmá ní Ìsọ̀nà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti wá ìwé bàbá wọn kàn, ó wà nínú Bíbélì ńlá, ó ti fẹ́ ya ní ojú ìṣẹ́po. Mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè. Ni màmá bá mi orí. Akọ̀wé ológun tó kọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní àná kò gbọ́ Yorùbá, bó ṣe dún létí rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, lẹ́tà méjì ti jábọ́. Orúkọ tí kì í ṣe orúkọ ni bàbá fi jagun.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ mọ iye tí ìràwọ̀ náà lè pa. Wọ́n ní a ó dé ibẹ̀. Wọ́n fa ìwé ajákọ kan láti ẹ̀gbẹ́ àga, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ orúkọ bàbá àwọn bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, ká sì fi í sínú ìdì náà pẹ̀lú mẹ́dàlì.